Ìgbà Kẹta Ni Bàbá Máa Ń Mú Bírò

Omi ni wọ́n ní kí n bù wá. Mo gbé ife, mo ṣí ìkòkò, mo bu omi, mo padà. Kí n tó dé yàrá, Bàbá wa àgbà ti lọ. Wọ́n jókòó sórí àga wọn bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, ìwé ìròyìn wà lórí itan wọn, awò wà lójú wọn. Mo gbé ife dání, mo ń pè wọ́n. Ìyá Délé, ìyàwó wọn tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló wá gba ife náà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí a ti sin wọ́n sílé wọn ní Ìgbó-Ọrà, ẹnu ṣì ń yà mí. Ẹni tó ń bá mi jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé mo da ṣúgà sí tíì wọn jù, ṣé báyìí náà ni èèyàn ṣe ń lọ?

Mi ò fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Wọ́n ti kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú: ọdún ìbí tí wọ́n fojú bù, àwọn ilé ìwé tí wọ́n ti ṣe tíṣà, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ kan ni wọ́n kà níbẹ̀, èmi ò sì mọ̀ ọ́n. Bàbá tí mo mọ̀, oníjà ni. Wọ́n bá ìnsípẹ́kítọ̀ jà, wọ́n bá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jà, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ìwé kan jà.

Ìwé náà ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé. Láyé ìjọba Òyìnbó, Ajẹ́lẹ̀ kan tó jẹ́ Òyìnbó wá kọ ìtàn ìlú wa sílẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ọ́fíìsì ìjọba. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé àti ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tí wọ́n kàn yá nílẹ̀ dáko. Àwọn Òyìnbó ti lọ, a ti gba òmìnira, ìwé yẹn kò lọ. Bí ilé méjì bá ń jà lórí ilẹ̀, òun ni wọ́n máa ń gbé jáde. Bàbá ní irọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, láti ìlú wa dé Ìdèrè, dé Ayétẹ̀, wọ́n ń kọ ìtàn bí àwọn onílé ṣe sọ ọ́. Ìwé àjákọ mọ́kànlélógún ni wọ́n kọ. Inú àpótí páànù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kó wọn sí, òórùn kàfúrà sì wà lára gbogbo wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá àpótí yẹn, báàjì idẹ kan wà tí wọ́n fi àkísà wé. Mo bi wọ́n nígbà kan pé báàjì kí ni. Wọ́n ní, "Ohun àtijọ́ ni. Dá a padà síbi tó o ti mú un."

Bàbá kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè ìtàn ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Àsìkò tí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí ni wọ́n máa ń lọ. Ta ni kì í gbin ẹ̀gúsí lọ́dọ̀ wa? Tó bá ti gbẹ tán, tọkùnrin tobìnrin á jókòó yí òkìtì rẹ̀ ká, ọwọ́ á máa ṣiṣẹ́, ẹnu á máa sọ̀rọ̀. Bàbá á wọ àárín wọn, wọ́n á ká apá ẹ̀wù sókè, wọ́n á máa bó tiwọn. Àwọn obìnrin á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà ti di abẹ̀gúsí. Bí àwọn onílé bá sọ ìtàn ilé wọn nígbà kìíní, Bàbá ò ní kọ nǹkan kan. Wọ́n á padà lọ, wọ́n á gbọ́ ọ nígbà kejì, wọn ò ní kọ nǹkan kan. Ó di ìgbà kẹta kí wọ́n tó mú bírò jáde. Ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ni mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, nígbà kìíní, ohun tí wọ́n ń sọ fún àlejò ni wọ́n á sọ. Nígbà kejì, ohun tó wù wọ́n kó jẹ́ ni wọ́n á sọ. Tó bá fi máa di ìgbà kẹta, ó ti sú wọn, wọ́n á sọ bó ṣe rí."

Ohun kan wà nínú ìrìn wọn yìí tó máa ń pa Màmá lẹ́rìn-ín. Bàbá kì í mu omi nílé onílé. Ooru ò báà mú tó báwo, ìgò omi wọn wà nínú àpò tí wọ́n gbé kọ́ kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu. Onílé á bu omi tútù wá, á kúnlẹ̀, Bàbá á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ọjọ́ kan Màmá ní, "Bàbá Délé, ṣé gbogbo Ìbàràpá ló fẹ́ fún yín ní májèlé jẹ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ti mu omi ẹnìkan, ó ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe sí onítọ̀hún mọ́."

Èyí tó tún jọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Nítorí ìwé kíkọ wọn yìí, àwọn ará ìlú míì máa ń pè wọ́n ní Bàbá Akọ̀wé. Oríyìn ni wọ́n rò pé àwọn fún wọn. Bàbá ò ní dáhùn. Ọkùnrin kan nínú ìjọ wa tẹ̀ lé wọn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ojú títì, ó ń pariwo, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ dúró, ẹ dúró," Bàbá ń lọ ní tiwọn, wọn ò wo ẹ̀yìn. Ojú tì mí, mo fà wọ́n lẹ́wù. Wọ́n dúró, wọ́n yíjú sí ọkùnrin náà, wọ́n ní, "Tíṣà ni mí. Akọ̀wé ti kú." Mo rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ìnsípẹ́kítọ̀ ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé wa ò jẹ́ kó kú. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé sọ pé Òyìnbó ló la ọ̀nà wọ ìlú wa. Bàbá ò jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi bàbá rẹ̀ àgbà léèrè ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹni tó ru òkúta, àti ohun tí wọ́n fún un. Lọ́jọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ dé, ó bi kíláàsì ní ìbéèrè náà, ọmọ ogójì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Bàbá wa ni, wọn ò fún wọn ní nǹkan kan." Ojú ìnsípẹ́kítọ̀ yí padà. Ó pe Bàbá sẹ́yìn pátákó, ó ní, "Ọ̀gá, ìdánwò la ń múra wọn sílẹ̀ fún o." Wọ́n gbé Bàbá lọ sí Ayétẹ̀ kí táàmù tó parí, Màmá sì sunkún nítorí oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Gbólóhùn tí Bàbá fún ìnsípẹ́kítọ̀ náà, Màmá ló máa ń sín in jẹ, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn bíi ti Bàbá: "Ìdánwò yín á parí láago méjì, sà. Àwọn ọmọ yìí á ṣì máa gba ojú ọ̀nà yẹn lọ sílé."

Mi ò ní pa irọ́ mọ́ òkú. Bàbá le. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó gbọ́ òkìkí wọn gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ wá láti Ìbàdàn, ó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ tó ń gbálẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ìtàn Ìbàràpá lódindi. Bàbá ti ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà bó bíi mẹ́wàá, ó wo aago, ó ní mọ́tò ìkẹyìn máa ń kúrò láago mẹ́rin, ṣé Bàbá lè kúkú sọ ọ́ ní ṣókí. Mo rí i tí iṣan ọrùn Bàbá dìde. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà fúnra wọn, wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìbínú yẹn pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ẹni tó ń sáré ló ń ba ìtàn jẹ́. Mo mọ ohun tí mo ń sọ."

Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé àjákọ kẹrìnlá, ojú ìwé kan wà tí wọ́n kọ "Ilé Ìdí-Àràbà" sí lókè, tí wọ́n fa ìlà sí nísàlẹ̀ rẹ̀, tí kò sí ohun kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ilé Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí wa. Mùsùlùmí ni wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n, oko ńlá tí wọ́n ń dá sì wà lójú ọ̀nà Ìdèrè. Ohun tí ìwé Ajẹ́lẹ̀ sọ nípa wọn ni pé aláàárù ni bàbá ńlá wọn. Pé ẹrù ọdẹ kan ló rù wọ̀lú, wọ́n sì yá wọn nílẹ̀ ni. Kò sí ilé tí Bàbá lọ tó bíi tiwọn, mo sì máa ń bá wọn lọ nítorí pé Ìyá Ràmátù, obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé náà, máa ń fún mi ní ẹ̀pà sísun. Bàbá ti gbọ́ ìtàn wọn lẹ́ẹ̀kìíní, wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́dún tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, a lọ nígbà kẹta. Bírò ti wà lọ́wọ́ Bàbá. Ìyá Ràmátù ń bó ẹ̀gúsí, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹni tó ni ìtàn ò sí nílé. Ẹ padà wá nígbà tó bá dé."

Mo wò yíká. Gbogbo ilé ló wà níbẹ̀. Olórí ilé, Bàbá Sùlé, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń jẹ iṣu. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé àpárá ni. Ṣùgbọ́n Bàbá ki bírò padà sápò. Wọ́n dìde láìdágbére. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò jáde nínú yàrá, Màmá ń po ògì fún wọn, wọ́n rò pé ibà ni. Nígbà tí mo béèrè ohun tí Ìyá Ràmátù ṣe fún wọn, wọ́n ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn rántí."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọdún tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn, ilé kan tó múlé ti Ìdí-Àràbà gbé ọ̀rọ̀ oko ojú ọ̀nà Ìdèrè lọ síwájú ìjọba. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn lọ́wọ́ àwọn aláàárù. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, ìgbìmọ̀ sì jókòó ní Èrúwà. Tí Ìdí-Àràbà bá pàdánù, ilé tó ní èèyàn tó lé ní ọgọ́ta á kó ọkọ́ wọn kúrò nínú oko kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Bàbá Sùlé wá bẹ Bàbá kí wọ́n wá jẹ́rìí, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìtàn ìlú tó wọn. Ojú Bàbá ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn, èmi ni mò ń ka ìwé wọn fún wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe mú mi dání.

Ọjọ́ méjì gbáko ni Bàbá fi jẹ́rìí. Wọ́n gbé ìwé àjákọ kalẹ̀, mo ń kà, wọ́n ń ṣàlàyé: ọ̀gbun tí bàbá ńlá Ìdí-Àràbà gbẹ́, igi tó gbìn, sàárè tó wà nínú oko. Inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ kejì, lọ́yà àwọn tó pẹjọ́ dìde pẹ̀lú ìwé Ajẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Bàbá, ìwé tiyín, àná-àná yìí lẹ kọ ọ́, ọ̀rẹ́ yín sì làwọn ará ilé yìí. Ìwé tí Ajẹ́lẹ̀ kọ ti wà kí wọ́n tó bí èmi. Ajẹ́lẹ̀ ò mọ ẹnikẹ́ni níbí, kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ọ̀tá. Kí ló máa mú un parọ́ mọ́ Ìdí-Àràbà?"

Bàbá yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Lóòótọ́ ni. Ajẹ́lẹ̀ ò parọ́. Èmi ni mo parọ́ fún un."

Mo gbọ́ ọ, mi ò gbọ́ ọ. Mo wo inú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi bí ẹni pé gbólóhùn náà wà níbẹ̀ tí mo fò ó. Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú báàjì idẹ jáde, wọ́n tú àkísà ara rẹ̀, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Wọ́n ní, "Báàjì ògbufọ̀ nìyí. Èmi ni ògbufọ̀ Ajẹ́lẹ̀ lọ́dún yẹn, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀dọ́ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ni. Ilé méje la lọ lọ́jọ́ náà, Ìdí-Àràbà la lọ kẹ́yìn. Bàbá àgbà tó ni ìtàn ilé náà wà lóko. Èèwọ̀ wọn ni kí ẹlòmíì sọ ọ́ nígbà tí onítọ̀hún bá wà láyé. Àwọn obìnrin ilé ní, ẹni tó ni ìtàn ò sí nílé, ẹ padà wá nígbà tó bá dé. Mo yíjú sí Ajẹ́lẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Ó ní, kí ni wọ́n wí? Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló lé ògbufọ̀ kan dànù nítorí pé ó sọ fún un pé kó padà wá lọ́la. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn ọmọ adúgbò kejì máa ń fi àwọn ọmọ Ìdí-Àràbà ṣẹ̀sín létí odò pé aláàárù ọdẹ ni wọ́n. Ẹ̀sín ọmọdé ni. Òun ló wá sí mi lẹ́nu. Mo sọ ọ́, ó kọ ọ́, ọkọ̀ sì gbéra."

Bàbá Sùlé gbé ọwọ́ lórí, wọn ò gbé e sọ̀ kalẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ wo báàjì, ó wo Bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ wá ń parọ́, ìgbà yẹn ni àbí nísinsìnyí?" Bàbá ní, "Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi mí nìyẹn. Mi ò ní ìdáhùn tó máa tẹ́ yín lọ́rùn."

Ìgbìmọ̀ ju ìwé Ajẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí-Àràbà ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà, ilẹ̀ náà sì dúró sí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ju ìwé àjákọ mọ́kànlélógún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí tó fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́, ìwé rẹ̀ ò ṣeé gbára lé. Nínú lọ́rì tí a bá wálé, mo jókòó ti Bàbá, mi ò mọ ẹni tí mo jókòó tì. Gbogbo ayé mi, ìjà tí wọ́n ń bá irọ́ Òyìnbó jà ni mo fi mọ̀ wọ́n. Irọ́ ọ̀hún, tiwọn ni! A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìgbó-Ọrà kí wọ́n tó la ẹnu. Wọ́n ní, "Ebi ń pa mí."

Màmá ti gbọ́ kí a tó délé. Wọn ò se oúnjẹ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Bàbá Délé, gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́ọ̀dẹ̀ yín. Ta ni mo wá ń bá gbé?" Bàbá tó bí mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, kò wálé ọdún Kérésìmesì méjì léra. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ti ṣèlérí láti bá wọn tẹ ìwé náà ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Nílé ìwé, wọ́n ń pè mí ní ọmọ ògbufọ̀. Inú bí mi sí wọn, mi ò ní purọ́. Èé ṣe tí wọn ò gbẹ́nu dákẹ́? Ta ni ì bá mọ̀? Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an lọ́jọ́ kan tí mò ń gé èékánná wọn. Wọ́n ní, "Mo ti wá gbogbo ọ̀nà tí mo lè fi bá irọ́ yẹn jà láìjẹ́ pé mo dárúkọ ara mi. Ìwé mọ́kànlélógún ni mo fi wá a. Kò sí."

Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́rin, Bàbá ò tún bó ẹ̀gúsí nílé ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ wọn dípẹtà lára ògiri. Ìdí-Àràbà ò wá dúpẹ́, wọn ò wá ṣépè. Tí Bàbá bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á yí gba ẹ̀yìn ọjà kí wọ́n má baà kọjá níwájú ilé náà.

Lánàá, Ìyá Ràmátù fọ̀pá tilẹ̀ wá. Wọ́n jókòó, wọ́n kí Màmá kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n ní kí Ọlọ́hun tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ ẹlẹ́pà, bàbá yín ò padà wá mọ́."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ lé wọn."

Wọ́n ní, "Èmi? Èmi ni mo dá wọn lóhùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá Òyìnbó wá. Ràmátù wà lẹ́yìn mi. Àti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá bó ẹ̀gúsí ni mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹnu tiwọn ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Wọ́n lọ sọ ọ́ ní Èrúwà níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn, mo ní ó tó, wọ́n á wá wàyí, màá sọ ìtàn fún wọn. Mo ń retí. Gbogbo àsìkò ẹ̀gúsí ni mò ń ní kí wọ́n tẹ́ ẹní dè wọ́n."

Ọdún mẹ́rin. Bàbá ń gba ẹ̀yìn ọjà, Ìyá Ràmátù ń tẹ́ ẹní. Ilé méjì tí mo lè sọ òkò láti ọ̀kan dé èkejì. Mo fẹ́ kígbe lé àgbà lórí, mo fẹ́ kígbe lé òkú lórí. Màmá ló sunkún.

Ìyá Ràmátù fọ̀pá nalẹ̀. "Wọ́n ní ìgbà kẹta ni bàbá yín máa ń kọ ọ́. Ìgbà kẹta ò tíì pé. Mú ìwé wá."

Mo fa àpótí jáde, mo mú ìwé kẹrìnlá, mo ṣí ojú ìwé tó ṣófo náà. Mo ní, "Ìyá, ẹni tó ni ìtàn ńkọ́?"

"Ó ti kú tipẹ́. Èmi ló kù. Kọ ọ́."

Mo mú bírò. Mo rò pé ọdẹ ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, tàbí ìgbà tí wọ́n tẹ ìlú dó. Ìyá Ràmátù di ojú, wọ́n ní:

"Kọ ọ́ pé: lọ́jọ́ kan, ògbufọ̀ kan wá sílé wa nínú oòrùn ọ̀sán. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. A bu omi fún un, ó mu ún tán."